Tiwọn Lojóró, Tiwa Lọgbọ́n Inú

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n orí bẹ́ǹṣì, mo kí yín o! Ẹ̀yin adájọ́ àgbà ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, tí ẹ ń fi ẹnu tí epo sùúyà kò tíì gbẹ lára rẹ̀ dájọ́ ọmọ aráyé ní alẹ́ Sátidé, kí ẹ̀mí yín gùn. Àwọn òyìnbó a máa fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ní yunifásítì nítorí ìmọ̀ ìwà tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́ nínú eré ìdárayá. Wọn a kọ ìwé, wọn a fèsì sí ìwé, wọn a tún kọ ìwé lórí èsì. Ẹ̀yin kò ráyè ìyẹn. Ẹ kàn máa ń wo àwọ̀ jẹ́sì ni, ẹjọ́ ti parí.

Bí agbábọ́ọ̀lù tiwọn bá ṣubú: "Òṣèré tíátà! Ẹ gbé e fún Nollywood!" Bí tiwa bá ṣubú, kódà kó jẹ́ pé atẹ́gùn ló fẹ́ lù ú: "Háà! Wọ́n ti pa ọmọ ọlọ́mọ! Rẹfirí, ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" Bí bọ́ọ̀lù bá kan ọwọ́ tiwọn, ojóró ni, wọn kò sì ní í rí ìjọba ọ̀run. Bó bá kan ọwọ́ tiwa, ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀: "Bọ́ọ̀lù ló wá bá ọwọ́, ọwọ́ kò wá bá bọ́ọ̀lù. Ṣé kó fi ọwọ́ sílé ni kó tó wá?" Bí VAR bá fagi lé góòlù wọn, ẹ̀rọ náà ọmọlúàbí ni. Bó bá fagi lé tiwa, ẹ̀rọ ti gba rìbá.

Ẹ rántí Rivaldo ní 2002, nígbà tí Brazil bá Tọ́kì gbá ní Ife Àgbáyé. Hakan Ünsal fi ìbínú gbá bọ́ọ̀lù sí i níbi igun pápá. Itan ni bọ́ọ̀lù bà. Ojú ni Rivaldo dì mú, ó sì lulẹ̀ gbìì. Ìròyìn ti gbéra ní itan, ó ti dé iwájú orí, kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹfirí. Wọ́n lé Ünsal jáde, FIFA bu owó ìtanràn lé Rivaldo, Brazil sì gbé ife náà lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ wọ jẹ́sì yẹ́lò káàkiri àdúgbò lọ́dún náà, mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú yín bọ́ ọ nítorí ìwà rere.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó dùn jù ni ti Luis Suárez, Luis Ọlọ́wọ́-Gbọọrọ. 2 Oṣù Keje 2010, pápá Soccer City ní Johannesburg, Uruguay àti Ghana ní Ife Àgbáyé. Gbogbo Áfíríkà di ọmọ Ghana lọ́jọ́ náà. Àwa tí a kì í gbà fún wọn lórí ọ̀rọ̀ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, a gbàgbé ìjà, Asamoah Gyan di àbúrò wa. Ó ti di 1 sí 1, àfikún àsìkò ti ń tán lọ, Dominic Adiyiah ti Ghana fi orí kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ń lọ sílé. Àfi bí Suárez, tí ẹnikẹ́ni kò yàn ní gólì, ṣe na ọwọ́ méjèèjì, tó gbá a dànù bí ẹni ń lé eṣinṣin lórí oúnjẹ. Káàdì pupa. Pẹnáríti. Gyan gbá a, ó ba òpó òkè. Suárez, tí wọ́n ti lé jáde, tó ti ń sunkún lọ, rí i láti ẹnu ọ̀nà, ni ẹkún bá di ijó. Wọ́n wá gbá pẹnáríti láti mọ ẹni tó borí, Uruguay fi 4 sí 2 lọ. Ẹ ṣépè lọ́jọ́ yẹn! Àwọn kan nínú yín ní ọwọ́ náà á rọ. Ọwọ́ kò rọ o. Ní Ife Àgbáyé 2014, ó tilẹ̀ fún ọwọ́ ní ìsinmi, eyín ló gbé wá, ó fi gé èjìká Giorgio Chiellini ti Ítálì jẹ.

Ó dáa. Ká ní ọmọ Super Eagles kan ló dúró lórí ìlà yẹn ńkọ́, tí bọ́ọ̀lù tó fẹ́ lé wa padà sílé ń bọ̀, tí ọmọ náà sì na ọwọ́? Ẹ má purọ́ fún mi. Gómìnà á fi orúkọ rẹ̀ sọ títì tí wọn kò tíì ṣe tán. Pásítọ̀ á wàásù lórí ọwọ́ ìdáǹdè, àfáà á ṣe àdúà fún apá ọ̀tún lọ́tọ̀, fún apá òsì lọ́tọ̀. Ọba ìlú ìyá rẹ̀ á fi í joyè Ọwọ́gbàlú, ẹ̀yin gan-an lẹ ó sì ra aṣọ ẹbí.

Àwọn onímọ̀ ti ja ìjà títí lórí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Bernard Suits, kọ ìwé kan ní 1978 tó pè ní The Grasshopper, ó sì fi tata ṣe olùkọ́ inú rẹ̀: tata tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́, tó fẹ́ràn eré ju oúnjẹ lọ. (Bí ẹ bá rí ìbátan, ẹ kí i.) Ohun tí tata ń sọ ni pé eré ni kí ènìyàn fínnúfíndọ̀ gba ọ̀nà tó le nígbà tí ọ̀nà tó rọrùn wà nílẹ̀. Bó bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù wọ ihò nìkan ni ènìyàn ń wá, ṣebí kó gbé e lọ́wọ́, kó rìn lọ jù ú sínú ihò, kó máa lọ jẹun? Igi ló fi ń gbá a, nítorí pé eré ni. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin ti jáde nínú eré, kò sì lè borí nínú ohun tí kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní òfin ti kọ iye tí ẹ̀ṣẹ̀ náà jẹ́ sílẹ̀, káàdì pupa kan pẹ̀lú pẹnáríti kan, Suárez sì san án láìná ọjà. Bí ọ̀gá Èkó kan tó páàkì síbi tí LASTMA kọ̀ ni, tó ti ka owó ìtanràn sínú àpò kó tó pa ẹ́ńjìnnì. Kí ni ẹ tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ni?

Ẹgbẹ́ kejì yìí ni Suárez fúnra rẹ̀ wà. Nígbà tí Ghana àti Uruguay tún fẹ́ pàdé ní Qatar ní 2022, wọ́n bi í bóyá á tọrọ àforíjì. Ó ní rárá, òun kọ́ lòun gbá pẹnáríti náà nù. Ẹ wo onímọ̀ ìjìnlẹ̀! Lọ́jọ́ kejì, Uruguay na Ghana 2 sí 0, ṣùgbọ́n South Korea na Portugal níbòmíràn, bí Uruguay náà ṣe di ẹni ilé nìyẹn. Suárez fa jẹ́sì bojú lórí bẹ́ǹṣì, ó ń sunkún. Àwọn ará Ghana tí wọ́n ti nà, tí wọ́n ti lé padà sílé, ń yọ̀. Ẹ ò rí i pé ìwà rere ti di nǹkan mìíràn? Ẹni tó pàdánù ló ń dúpẹ́, nítorí pé ọ̀tá pàdánù pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ó kù tiwa.

13 Oṣù Kejì 1999, pápá Highbury, Arsenal ń bá Sheffield United gbá nínú FA Cup. 1 sí 1. Ọmọ Sheffield kan ṣubú, gólì wọn, Alan Kelly, gbá bọ́ọ̀lù síta kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ayé mọ àṣà: bí wọ́n bá jù ú wọlé, wọ́n á dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ray Parlour sì jù ú bẹ́ẹ̀, sápá ibi tí Kelly wà. Àmọ́ Papilo wa, Kanu Nwankwo, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú jẹ́sì Arsenal sì ni. Ó rí bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni kò bá a dù. Ní ilẹ̀ tí ọmọ náà ti wá, ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá ọ dù, àdúrà ló gbà. Ẹsẹ̀ gígùn méjèèjì gbéra, ó bá a lápá ọ̀tún, ó gbé e sáàárín, Marc Overmars tì í sílé. Àwọn ọmọ Sheffield la ẹnu, wọn kò lè pa á dé. Steve Bruce, ọ̀gá wọn, bínú débi pé ó fẹ́ kó wọn kúrò lórí pápá. Rẹfirí kò sì rí nǹkan kan ṣe, nítorí kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé òfin pé kí wọ́n dá bọ́ọ̀lù padà. Góòlù dúró, 2 sí 1.

Arsène Wenger fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n tún un gbá. Lẹ́yìn ọjọ́ 10, wọ́n tún un gbá ní Highbury kan náà, Arsenal sì tún fi 2 sí 1 kan náà borí. Irú ìwà rere tí mo fẹ́ràn nìyẹn, èyí tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀! Ẹ̀yin ará Arsenal, ẹ fọwọ́ sọ́yà kí ẹ dáhùn: ká ní Sheffield na yín lẹ́ẹ̀kejì, ṣé ọmọlúàbí náà lẹ ó máa pe Wenger, àbí ẹ ó wá orúkọ tí a kò lè tẹ̀ síbí? Ní ti Papilo, wọ́n ní kò mọ̀ pé wọ́n ń dá bọ́ọ̀lù padà ni. Èmi gbà. Ní 1996, dókítà ṣí àyà ọmọ náà ní Amẹ́ríkà, wọ́n wo inú ọkàn rẹ̀ láti òkè délẹ̀, wọn kò bá ibi kankan níbẹ̀ ju fáàfù tó bàjẹ́ lọ. Ta ni nínú yín ló tún ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ wá wò ó. Suárez rú òfin tó wà nínú ìwé, ó san gbèsè rẹ̀ lójú ayé. Kanu kò rú òfin kankan, gbogbo Gẹ̀ẹ́sì sì bú sígbe. Èwo ló bí yín nínú? Ti Ghana. Èwo ló pa yín lẹ́rìn-ín? Ti Papilo. Mo ní jẹ́sì lẹ fi ń ka ìwé òfin, ẹ ní mo ń bú yín.

Lóòótọ́, kì í ṣe jẹ́sì nìkan. Tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ wà níbẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá 2000, West Ham àti Everton wà ní 1 sí 1, eré ti fẹ́ parí, gólì Everton dùbúlẹ̀ tó di orúnkún mú, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ fún Paolo Di Canio níwájú ilé. Dípò kó gbá a wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì hán an, ó ní kí wọ́n tọ́jú ẹni tó farapa. FIFA fún un ní ẹ̀bùn ìwà rere. Ẹ fi ojú inú wo Bọ̀dá kan tó fi owó ilé pọ̀ mọ́ owó epo, tó fi kọ ọ́ pé West Ham ni yóò borí. Ẹ lọ sọ̀rọ̀ ọmọlúàbí fún Bọ̀dá náà. Ẹ dúró jìnnà díẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ o.

Irú òfin àìkọsílẹ̀ tí Di Canio tẹ̀lé yìí kò ṣàjèjì sáwọn ọmọ tó ń gbá mọ́ńkì pósìtì ní ojú títì wa. Òkúta méjì ni òpó. Kò sí rẹfirí, kò sí VAR, síbẹ̀ òfin pọ̀ bí ti Àbújá. Ẹni tó ni bọ́ọ̀lù kì í jáde, bó ti wù kó gbá a burú tó. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é, eré parí, iye yòówù kí góòlù jẹ́. Gólì a máa fi gìgísẹ̀ sún òkúta wọlé díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ojú bá kúrò lára rẹ̀, tó fi jẹ́ pé kó tó di ìrọ̀lẹ́, bàtà kan ṣoṣo ló lè gba àárín òpó méjèèjì kọjá. Bí àríyànjiyàn bá sì dé, ilé ẹjọ́ gíga kan ló wà: "Fi ìyá ẹ búra!" Mo ti rí ọmọ tó gbà pé ọwọ́ òun kan bọ́ọ̀lù nítorí gbólóhùn yìí. Kí ni FIFA ń ná owó sí lórí kámẹ́rà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé "ẹ ṣáà tẹ̀lé òfin, ó tán", ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ti Barbados àti Grenada ní 1994. Àwọn tó ṣètò ìdíje náà jókòó, wọ́n mu ohun tí wọ́n mu, wọ́n ní góòlù tó bá wọlé nínú àfikún àsìkò yóò jẹ́ méjì. Barbados ní láti fi góòlù méjì borí kí wọ́n tó lè tẹ̀síwájú. Wọ́n ti ń lọ ní 2 sí 0, Grenada dá ọ̀kan padà nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Barbados ṣírò, ṣírò, wọ́n rí i pé ó rọrùn kí àwọn gbá a sílé ara àwọn, kó di 2 sí 2, kí àwọn wá jẹ góòlù oníméjì nínú àfikún. Wọ́n sì gbá a sílé ara wọn! Grenada náà lajú: bí àwọn bá fi 3 sí 2 pàdánù, àwọn ló ń lọ. Làwọn náà bá kọjú sílé tiwọn. Ni Barbados bá sáré lọ ṣọ́lé fún Grenada, àwọn kan tún dúró ti ilé tiwọn, torí ibi yòówù tí Grenada bá jẹ ẹ́ sí ti tó wọn. Gólì Grenada ń ṣọ́ ọmọ ilé bí ẹni ń ṣọ́ olè. Àfikún dé, Barbados jẹ ọ̀kan, ó di 4 sí 2. Ẹnikẹ́ni kò rú òfin kankan lọ́jọ́ náà. Ká ní tata wà níbẹ̀, á bá wọn wá iṣẹ́ ṣe.

Àwọn baba wa ti ronú sí ọ̀rọ̀ òfin eré yìí kí wọ́n tó bí àwọn baba Suits. Ọpọ́n ayò: ojú 12, ọmọ 48. Bí ọmọ ayò bá tán níwájú ẹnìkejì rẹ, òfin ní kí o ta èyí tí yóò fún un ní nǹkan jẹ, bí o bá ní i. O kò gbọdọ̀ febi pa á. O lè bú u o! Ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, lè bú ọ̀pẹ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, títí dé orí àna rẹ̀, ìyẹn kò sí nínú ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kó jẹun.

Ó wá jọ pé àwọn ọmọ wa gbọ́ apá kan nínú òfin yìí, wọn kò gbọ́ ìyókù. Oṣù Keje 2013, líìgì ìsàlẹ̀ ní Nàìjíríà níbí. Plateau United Feeders àti Police Machine ní àmì kan náà, iye góòlù ni yóò sọ ẹni tó ń gòkè. Plateau bá Akurba gbá, Police Machine bá Bubayaro gbá, lọ́jọ́ kan náà. Nígbà ìsinmi, 7 sí 0 níbí, 6 sí 0 lọ́hùn-ún. Ìyẹn dáa. A ti rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n wá padà wọlé. Plateau parí rẹ̀ sí 79 sí 0, Police Machine sí 67 sí 0.

Ẹ bá mi ṣírò. Góòlù 72 nínú ìṣẹ́jú 45: kò pé ìṣẹ́jú àáyá 38 kí òmíràn tó wọlé. Nínú ìyẹn ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ yọ bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n, gbé e lọ sáàárín, kí Akurba gbá a bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì rìn ín dé ilé. Ẹni tó ń kọ góòlù sílẹ̀ nìkan ló gba bọ́ọ̀lù náà ní iṣẹ́. Mo bá gólì Akurba kẹ́dùn fún ẹ̀yìn rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ 79, kódà arúgbó nídìí àgbo kì í bẹ̀rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sì dùn mí jù ni Police Machine. Ènìyàn jẹ 67, ó ṣì pàdánù! Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣeé gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀yin náà ẹ wo orúkọ wọn. Àjọ NFF fi òfin de ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọdún 10, wọ́n sì ní àwọn agbábọ́ọ̀lù àti ọ̀gá wọn kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù mọ́ láéláé.

Ẹ ń mi orí, ẹ ní "àwọn ọmọ òde òní". Ẹ dẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ̀yin àgbà, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ta ló ń tẹ̀lé ọmọ lọ sí kóòtù lọ búra pé 2009 ni wọ́n bí i, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ náà rántí ọjọ́ tí Abacha kú? Ní 1989, FIFA lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje ọ̀dọ́ fún ọdún méjì, nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta tí a kọ fún Òlíḿpíìkì 1988 yàtọ̀ sí èyí tí a ti kọ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ ìbí wa a máa sún bí òkúta mọ́ńkì pósìtì. Gbígba àlejò ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti 1991 bọ́ lọ́wọ́ wa, ó di ti Portugal.

Ìgbà tó di 2009, tí a gba àlejò Ife Àgbáyé àwọn ọmọ abẹ́ 17, FIFA gbé ẹ̀rọ MRI dé. Ọrùn ọwọ́ ni ẹ̀rọ náà ń yà. Bí ìdí eegun ibẹ̀ bá ti dí pátápátá, ó ṣòro gidi kí ọmọ náà ṣì wà lábẹ́ 17. Ẹ̀rọ kò gba ìwé ìbúra, kò mọ gómìnà, kì í jẹ ẹ̀gúnsí. Ní 2016, 26 nínú àwọn ọmọ Golden Eaglets, ẹgbẹ́ abẹ́ 17 wa, tí wọ́n kó lọ síwájú rẹ̀ ló já kulẹ̀. Ọmọ ń gbé ẹ̀kú abẹ́ 17 kiri, eegun ló tú eégún!

Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ yìí kan náà ti gba ife náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, 1985 títí dé 2015, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. A ní ọmọ tó pọ̀, tó mọ bọ́ọ̀lù, tó sì kéré lóòótọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń kó ọmọ lọ síbi àyẹ̀wò abẹ́ 15 lọ́la, mo bẹ̀ yín: ẹ jí wò ó láàárọ̀ kùtùkùtù. Bó bá kọ́kọ́ fá irùngbọ̀n kó tó wẹ̀, tó sì ń béèrè pé ta ni yóò mú àwọn ọmọ òun lọ sílé ìwé, ẹ fún un lówó ọkọ̀, kó máa lọ síbi iṣẹ́.